Ọdẹ́níran Tọpa Orin Adégbìtẹ́ Dé Ìlú Àjọpín

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ Ìta-Ẹfọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ lọ mu omi, kó lọ mu ún nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ìbọn yín ti ògiri. Èmi Àkànjí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́rin, tí ẹ̀karùn-ún sá fún mi títí tó fi kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ ní ọ̀sán yìí le, mo mọ̀, a ó sì kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ìrìn tí Ọdẹ́níran rìn fún yín, torí pé ìdajì yín kò tíì wọ ẹgbẹ́ nígbà náà, ìdajì tó kù sì ti gbàgbé.

Ọdẹ́níran yìí, ọdẹ ni, ó sì tún ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bó bá rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀, á ní òun mọ ohun tó jẹ láàárọ̀, òun mọ̀ bóyá ó lóyún, òun sì mọ ẹni tó bá jà. Irọ́ ni ti ìjà yẹn, ṣùgbọ́n ti oyún, èmi fúnra mi ti rí i bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Adégbìtẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kú. Ẹ mọ àṣà wa. Ní ọjọ́ kẹta, a ó wọ igbó ẹgbẹ́, Olúọdẹ á sun orin ìdágbére, á fi ki òkú ọdẹ náà láti ìran dé ìran, àwa ọmọ ẹgbẹ́ nìkan la ó sì gbọ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, a ó ṣe ìṣípà: a ó gbé ẹrù ọdẹ òkú náà lọ sínú igbó, kí ọ̀nà lè là fún un, kó dé ibi tó ń lọ. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, orin náà kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó bá gbé e jáde, a kò ní ṣípà fún un láéláé. Bí ẹni náà kì í bá ṣe ọdẹ, orí òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ni ìyà náà á bọ́ sí. Títí a ó sì fi mọ ẹni tó ṣe é, òkú tí orin rẹ̀ jáde kò ní gba ìṣípà. Lójú ọ̀nà ló máa wà, kò ní sí nílé, kò ní dé ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Adégbìtẹ́ kú, ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ọmọ ìlú wa kan fóònù Olúọdẹ Ọláníyọnu láti Kútọnú. Ó ní, "Bàbá, ẹ mà lóhùn o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yín lórí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí ẹ ti ń ki Adégbìtẹ́." Orógbó tó wà lẹ́nu Olúọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

A wá a kiri, a sì bá orin náà nínú kọ̀ǹpútà Ìbídùnní, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Adégbìtẹ́ bí. Àwa àgbà márùn-ún la lọ síbẹ̀. A tẹ orin náà kó lè kọ ká lè mọ̀ pé òun ni. Olúọdẹ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó tẹ̀lé e tẹ̀ ẹ́, èmi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ ṣì máa rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ìwé ìrántí tí kọ̀ǹpútà náà ń kọ fúnra rẹ̀, torí èmi ni mo kàwé jù nínú wa, mo ka ìwé kẹfà. Mo kà á, mo ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni orin náà wọ ibẹ̀. Ará Kútọnú gbọ́ tirẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ó dájú nígbà náà pé ọ̀dọ̀ Ìbídùnní ló ti jáde. Mo pariwo rẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò yọjú.

Ìbídùnní kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò sọ pé kò sí lọ́wọ́ mi. Orí intanẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pín orin láàárín ara wọn, láti inú kọ̀ǹpútà ẹnìkan bọ́ sínú ti ẹlòmíràn. Bàbá mi ni wọ́n ń kì. Ẹ ò jẹ́ kí n wọ igbó lọ gbọ́ ọ torí pé mo jẹ́ obìnrin, mo gbà. Ṣé kí n wá di etí mi nígbà tó wá bá mi nínú ilé ni?"

Olúọdẹ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin: kò sí ìṣípà fún Adégbìtẹ́. Ọmọ náà figbe ta. Ó yíjú sí Ọdẹ́níran, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tó rìn tí ẹ ò lè tọpa rẹ̀. Orin yìí rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọpa rẹ̀ fún mi, kí bàbá mi má bàa wà lójú ọ̀nà."

Ọdẹ́níran lu àyà rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ méje. Bó bá pé ọjọ́ méje tí n kò mú ẹni náà wá síwájú ẹgbẹ́, kí ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ mi."

Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà láti gbé e fún un, ni ó bá jágbe mọ́ mi: "Àkànjí, yọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Ṣé báyìí lo ṣe máa ń jó lórí ojú ẹsẹ̀ ẹran kí o tó tọpa rẹ̀?" Ó da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú òmíràn, kò ku ẹyọ kan. Ó ní kí Olúọdẹ ti kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ mọ́ inú àpótí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní inú ẹ̀dà lòun máa wọ̀. Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dúró níwájú ẹ̀dà náà, ó ki ara rẹ̀ títí, ojú kọ̀ǹpútà náà sì là sí méjì bí ẹni ṣí kọ́tìnì. Ẹ má bi mí bí ọkùnrin tó sanra tó yẹn ṣe gba ibẹ̀ kọjá. Ó wọlé, ó tán.

Igbó tó bọ́ sí, igi ibẹ̀ kò ní ewé, nọ́ńbà ló ń so. Kò tíì rìn jìnnà tó fi bá ojú ẹsẹ̀ àwọn kan, ńláńlá, tí wọ́n ti tẹ ẹnu ọ̀nà náà wúruwùru. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, ó sì kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àkànjí!" Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi, ẹ gbọ́ ìtàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yọ ojú ẹsẹ̀ tiwa sọ́tọ̀, tó fi rí èyí tó wà lábẹ́ wọn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ orin náà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wọlé ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó jáde. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tẹ̀ lé e.

Ó dé bodè kan. Iwin ẹlẹ́nu mẹ́ta ló ń ṣọ́ ọ, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ọmọ aráyé, mo pín ohun kan fún ẹgbẹ̀rún èèyàn. Olúkúlùkù gbé odidi lọ ilé, odidi sì kù sọ́wọ́ mi. Kí ni? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o di òpó bodè yìí." Ọdẹ́níran wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àwọn òpó tó ní ojú, tó ní imú, tí ọ̀kan nínú wọn ń sín. Ó ní, "Kí lo máa ń jẹ tí orí rẹ fi le báyìí? Orin ni. Mo kọ ọ́ fún ọ, o mọ̀ ọ́n, èmi náà ò sì gbàgbé rẹ̀." Iwin náà pa ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, ó yà lọ́nà fún un.

Ìlú Àjọpín ló wọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìlú, ẹ ò tíì rí irú èyí. Kò lọ́ba, kò ní ìjòyè, kò sí ààrin ìlú. Ẹni tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju eéṣú lọ, olúkúlùkù ló ru agbọ̀n tí kò ní ìdérí. Ohun tó bá ti bọ́ sínú agbọ̀n rẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ló lè bù nínú rẹ̀, ìwọ náà sì lè bù nínú tirẹ̀. Kò sì di dandan kó jẹ́ odidi: ẹni tí ìlà orin kan ṣoṣo bá tẹ̀ lọ́wọ́, á ti máa pín ìlà kan yẹn kí èyí tó kù tó dé. Ó gbọ́ tí ọ̀kan ń kọ ìlà kẹta orin Adégbìtẹ́, tí ẹnìkejì ń kọ ìlà kẹsàn-án, tí obìnrin arúgbó kan jókòó tó ń tún orúkọ Adégbìtẹ́ nìkan pè, láìmọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu àwọn iwin! Ó dun ọkùnrin náà dé egungun.

Nígbà tí wọ́n rí i pé kò ru agbọ̀n, wọ́n yí i ká. Wọ́n ní, "Gbà, gbà, gbà!" Wọ́n ń nawọ́ ìlà orin sí i, wọ́n ń ti ẹran ìgbẹ́ sísun sí i lẹ́nu, wọ́n ń bu omi tútù sí i lójú. Ọdẹ́níran mọ̀ pé bí òun bá gba ohunkóhun, agbọ̀n á hù sórí òun náà, òun á sì di ọmọ ìlú. Ó di ẹnu rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dúró lójú kan, láìjẹ, láìmu. Wọ́n sọ ọ́ ní òkúta, wọ́n fi imú rẹ̀ ṣeré, kò mira. Èmi kò lè ṣe é. Èmi á ti jẹ ẹran yẹn ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹrin ó sú wọn, wọ́n fọ́n ká.

Ibẹ̀ ló ti lọ bá Ìyá Atẹ̀ka, iwin tó ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ohun tó bá wọ ìlú náà, tó sì ń sọ nọ́ńbà rẹ̀. Kò sí ohun méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba, àfi bó bá jẹ́ ohun kan náà gan-an. Bí o bá yọ èémí kan ṣoṣo kúrò nínú orin, nọ́ńbà rẹ̀ á yí pa dà látòkèdélẹ̀. Ọdẹ́níran kí i, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi tẹ orin tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí wò." Ìyá náà tẹ ti ará Kútọnú, ó tẹ ti Ìbídùnní, ó tẹ ti igba èèyàn mìíràn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ló gba ohùn yẹn sílẹ̀ nínú igbó yín. Ó sì wúkọ́ nígbà tí ó ń gbà á, mo gbọ́ ọ ní ìlà karùn-ún."

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọlọ́run mú un. Ẹni tó wúkọ́ yẹn, ọrùn ni mo máa fi fà á dé iwájú Olúọdẹ."

Ìyá Atẹ̀ka ní kó lọ bá Alágogo, iwin tó ń kọ wákàtí tí ohun kọ̀ọ̀kan wọ agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí Alágogo ṣe rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní aago mẹ́ta ni ọmọbìnrin yẹn gba orin? Ta ló kà á fún yín?"

Ọdẹ́níran ní, "Àkànjí ni. Ó ka ìwé kẹfà."

"Kó pa dà lọ ka ìyókù. Gbogbo ayé ló ń wá sí ìlú yìí, a kò lè máa tẹ̀ lé aago Ìta-Ẹfọ̀n. Aago kan ṣoṣo la ń lò fún gbogbo èèyàn. Bí tiwa bá lu mẹ́ta, tiyín ti lu mẹ́rin."

Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Mẹ́ta tí mo kà, mẹ́rin ni. Ará Kútọnú ti gbọ́ orin náà tán, ó ti fóònù tán, kí Ìbídùnní tó rí i rárá. Ọmọ ọlọ́mọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹnu tèmi yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba bàbá rẹ̀ jẹ́. Ara mi ń ro mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọdẹ́níran lè pa dà sílé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òfin wa: títí a ó fi mọ ẹni tó ṣe é, Adégbìtẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó bi Alágogo pé, "Nígbà tí ẹ̀yà orin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹni àkọ́kọ́, tí ẹni gbogbo ní ìlà kan, ìlà méjì, ta ni odidi wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Alágogo ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ilé kan ṣoṣo ni, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Ọdẹ́níran ki ọta sínú ìbọn, ó ń kọrin lọ. Ó ń ro ohun tó máa sọ lójú agbo, bí àwa yóò ṣe máa pàtẹ́wọ́.

Ó dé ilé náà, ó sì dúró. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Láti ọdún méjì ló ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun máa pààrọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni.

Iwin kan jáde síta, ó ru agbọ̀n, ojú Ọdẹ́níran ló ní. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi." Nínú agbọ̀n náà, eré ìjàkadì tí Ọdẹ́níran ti gbà jọ kún bámúbámú, orin Adégbìtẹ́ sì wà lórí wọn. Ìgbà náà ni ó tó yé e. Ní ọjọ́ kẹta nínú igbó, ó fi fóònù pamọ́ sábẹ́ gbérí, ó gba ohùn náà sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé àárò ọ̀rẹ́ òun máa sọ òun. Nínú ìlà karùn-ún, ibi tí Olúọdẹ ti dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, ẹkún gbé e lọ́fun, ó sì wúkọ́ láti fi bò ó. Nígbà tó délé, ó dà á sínú kọ̀ǹpútà kó má bàa sọnù. Kò fi han ẹnikẹ́ni, ló ṣe dá a lójú pé ẹlòmíràn ló gba èyí tó jáde. Ó kàn ń gbọ́ ọ láràárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ó pariwo mọ́ iwin náà: "Ta ló ní kí o gbé e jáde?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ọjọ́ tí ẹ gbà mí wọlé, mo bi yín pé, ṣé kí n máa ṣí agbọ̀n yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ṣì ń bọ̀? Ìwé gígùn ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ ò kà á. Ẹ̀ ń kánjú wo eré ìjàkadì. Ẹ tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni'."

Ọkùnrin tó mọ ẹtu tó lóyún jókòó sórí ilẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Iwin mìíràn yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbálẹ̀. N ó gbá a mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Alágogo fúnra rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Aago ti gba ọmọbìnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ sọ pé ọ̀nà dí, ẹ máa lọ sílé. Ta ló máa mọ̀?"

Ọdẹ́níran wo ìgbálẹ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ó rò ó. Ó ro ikú ara rẹ̀, ó ro bí òun ṣe máa wà lójú ọ̀nà láéláé, tí kò ní sí ẹni tó máa gbé ẹrù òun. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ó ro Adégbìtẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, tó ń dúró. Ó dìde, ó ní, "Fi ìgbálẹ̀ rẹ sílẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbí."

Ní ọjọ́ keje, ní òwúrọ̀, ó jáde sí wa ní àgbàlá Olúọdẹ. A pàtẹ́wọ́ fún un gan-an bó ṣe rò ó. Ó sọ ti aago, gbogbo agbo sì fi mí rẹ́rìn-ín títí Olúọdẹ fi ń nu ojú. Ọdẹ́níran ní, "Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín." Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Olúọdẹ, ó yọ ìbọn kúrò léjìká, ó gbé e tì í. Ó ní, "Ẹni tí mo lọ mú nìyí. Èmi ni. N kò mọ̀ pé ó ń jáde, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á sílẹ̀, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ ṣípà fún ọ̀rẹ́ mi."

Ìbídùnní wólẹ̀ níwájú wa, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọdẹ́níran gbé ọmọ náà dìde, ó ní, "Má bẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ ni ká kọ́kọ́ sìn lọ." Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, a gbé ẹrù Adégbìtẹ́ lọ sínú igbó tìlù-tìfọn. Ọdẹ́níran dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, torí ó ti fi ìbọn sílẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wa wọlé mọ́. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mọ́kànlá, kò wọ igbó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ọdẹ kan níbí tó ní fóònù tí kò lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dé agbọ̀n.

Ọdẹ́níran kú. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé lónìí, òun ló sì kó wa jọ. Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ láti àárọ̀, pé òfin ni òfin.

Ó dáa. Èmi tí mo ṣi aago kà, tí mo pariwo ẹ̀sùn mọ́ ọmọ aláìṣẹ̀ lórí, kí lẹ fi mí ṣe? Ẹ fi mí jẹ Ọ̀tún Olúọdẹ. Bí mo bá kú lọ́la, ẹ ó gbé ẹrù mi, ẹ ó kì mí, ẹ ó sunkún. Òun tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi nígbà tí kò sí ẹnì kankan tó lè mú un, ẹ ní kó wà lójú ọ̀nà. Ojú ń tì mí fún yín, ojú ń tì mí fún ara mi.

Ẹrù ọdẹ rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìbídùnní ló dì í, òun ló jókòó tì í yẹn. Mo ń lọ gbé e. Ẹni tó bá máa dá mi dúró, kó dìde kí n rí ojú rẹ̀.

Ìbídùnní, dìde, ọmọ mi. Ká máa lọ.